Òrùka Ọrùn Ọ̀pá

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú Ẹgbẹ́ yìí, àti ẹ̀yin olùkọ́ wa tí ẹ máa ń yẹ iṣẹ́ wa wò kí ó tó di ìwé, mo mọ̀ pé ohun tí mo fẹ́ kọ nípa rẹ̀ lónìí kò tóbi. Àwọn tí ó ṣáájú mi nínú ìwé yìí ti kọ nípa oyè jíjẹ, nípa ìgbéyàwó, àti nípa àwọn àṣà wa tí ó ń lọ. Èmi fẹ́ kọ nípa òrùka kan tí kò ju orí àtàǹpàkò lọ, èyí tí a fi ń de ọrùn ọ̀pá tí àwọn ọmọkùnrin fi ń gbá bọ́ọ̀lù lórí tábìlì. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ni wọ́n ní kékeré ni abẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Òrùka náà kéré lóòótọ́. Síbẹ̀ ohun tí mo fi í bò mọ́lẹ̀ ní ọdún 2022 kì í jẹ́ kí n sùn dáadáa ní òru mìíràn.

Ní oṣù kejì ọdún náà ni àwọn olùkọ́ yunifásítì dá iṣẹ́ sílẹ̀, oṣù kẹwàá ni wọ́n sì tó padà. Oṣù mẹ́jọ gbáko! Ẹni tí ó jẹ̀bi àti ẹni tí ó jàre nínú ọ̀ràn náà kì í ṣe ohun tí mo jókòó láti sọ. Mo dúró nínú yàrá mi nítòsí ilé-ẹ̀kọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo ń retí pé wọn yóò parí ìjà lọ́la. Nígbà tí gàrí tán, tí ẹ̀wà tán, tí ẹni tí mo ń yá lówó bẹ̀rẹ̀ sí gba ọ̀nà ibòmíràn, mo di ẹrù mi, ó di Òsì, ìlú bàbá mi, ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì ní ìpínlẹ̀ Kwara. Bàbá mi àgbà ni mo bá nílé. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún nígbà náà. Káfíńtà ni, ṣùgbọ́n ní ìgbà èwe rẹ̀ ó ti kọ́ iṣẹ́ ọnà gbígbẹ́ díẹ̀ kí ó tó gbájú mọ́ àga àti ilẹ̀kùn.

Lábẹ́ igi máńgòrò kan lẹ́bàá ọjà ni ẹ̀gbọ́n kan ní àdúgbò wa gbé tábìlì sínúkà rẹ̀ sí. Sínúkà ni gbogbo wa ń pè é, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé, bí a bá fẹ́ sọ òtítọ́, sínúkà kọ́. Sínúkà gan-an ni eré tí àwọn ọ̀gá ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ ní Jabalpur, ní ilẹ̀ Íńdíà, ní ọdún 1875. Tábìlì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kún yàrá, bọ́ọ̀lù rẹ̀ sì jẹ́ 22 lónìí. Èyí tí ó wà ní ìgboro wa ni púùlù, ti àwọn ará Amẹ́ríkà. Bọ́ọ̀lù 15 ni ó ní nọ́ńbà lára, funfun kan ni a sì fi ń gbá wọn. Ẹnìkan a mú àwọn tí àwọ̀ wọn kún, ẹnìkejì a mú àwọn tí ó di ọ̀já mọ́ ìbàdí. Ẹni tí ó bá kó tirẹ̀ sí ihò tán, tí ó sì wá gbá dúdú tí ó jẹ́ ẹ̀kẹjọ wọlé, òun ni ó jẹ.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n náà fi ṣọ́ tábìlì. Mo ń gba owó, mo ń to bọ́ọ̀lù, mo ń gbá ewé máńgòrò kúrò lórí aṣọ tábìlì, mo sì ń tọ́jú ọ̀pá mẹ́rin. Mẹ́ta jẹ́ ti gbogbo ayé. Ẹ̀kẹrin jẹ́ tirẹ̀, ó rà á nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, ó sì gbé e wálé nínú àpò bí ẹni gbé ìbọn. Ọjọ́ Sátidé nìkan ni ó ń jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án, ẹni tí ó bá sì fún ti di ènìyàn lọ́jọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe àlàyé ọ̀pá náà fún ẹ̀yin tí ẹ kò dé ìdí tábìlì rí. Igi gbọọrọ ni. Ìdí rẹ̀ nípọn. Bí ó ti ń lọ sókè ni ó ń tín-ín-rín títí yóò fi dé ọrùn. Ní ọrùn ni a ti ń fi òrùka bọ̀ ọ́. Lórí òrùka yìí ni a lẹ awọ kékeré kan mọ́, awọ náà ni ó sì ń kan bọ́ọ̀lù funfun. Orí ọ̀pá púùlù máa ń fẹ̀ tó mìlímítà 13, ti sínúkà gan-an kì í sábà ju 10 lọ. Awọ yìí ni àwọn ọmọ wa ń pè ní tíìpù. Òrùka náà kò ní orúkọ lẹ́nu wọn.

Nígbà láéláé, igi lásán ni àwọn Òyìnbó fi ń gbá bọ́ọ̀lù, ó sì máa ń yọ̀. Ọmọ ogun Faransé kan tí ó ń jẹ́ Mingaud, tí wọ́n tì mọ́lé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1800, ni a gbọ́ pé ó fi awọ sí orí ọ̀pá, tí ó wá ń pàṣẹ fún bọ́ọ̀lù: bí ó bá ní kí ó lọ kí ó sì padà wá, yóò padà wá. Ẹfun ni a ń fi ra awọ náà kí ó má baà yọ̀. Ọdún 1897 ni àwọn ará Amẹ́ríkà méjì, Spinks àti Hoskins, gba ìwé àṣẹ lórí irú èyí tí ó tàn kálẹ̀ títí ó fi dé ọ̀dọ̀ wa. Ní ti òrùka, eyín erin ni ó dára jù lójú wọn nígbà kan. Eyín erin kan náà ni wọ́n fi ń ṣe bọ́ọ̀lù, kí John Wesley Hyatt ní Amẹ́ríkà tó rí ohun mìíràn tí yóò fi rọ́pò rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1870. Mo máa ń rò ó pé bí àwọn ará Ọ̀wọ̀ ti ń fi eyín erin kan gbẹ́ ẹ̀gbà ọwọ́ fún ọba, bẹ́ẹ̀ ni òmíràn ń gba orí òkun lọ di òrùka ọ̀pá. Ní ọdún 1989 ni àwọn orílẹ̀-èdè fohùn ṣọ̀kan pé kí a má ṣe tà á láti ilẹ̀ kan dé ìkejì mọ́. Idẹ àti ike ni a ń lò nísinsìnyí.

Iṣẹ́ méjì ni òrùka náà ń ṣe. Èkíní, ó di ẹnu igi mú kí ó má baà là, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo agbára apá ti ń pàdé bọ́ọ̀lù. Èkejì, ó gba awọ dúró, kí a lè pààrọ̀ awọ nígbà tí ó bá jẹ tán, láìpa igi lára. Kò sí ohun àjèjì nínú èyí. Nínú ìsọ̀ bàbá mi àgbà, gbogbo ohun èlò tí a ń fi òlù lù ní ìdí ni ó ní òrùka lára èèkù rẹ̀. Páìpù àlòkù ni ó ń gé tí ó fi ń ṣe é. Ó máa ń sọ pé igi tí a ó bá máa lù lórí, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ fún un ní òrùka.

Ìyọnu ibẹ̀ ni pé gúlúù ni a fi ń lẹ tíìpù. Oòrùn a mú un, òjò a mú un, yóò sì ré bọ́. Bí ó bá bọ́ láàárín eré, ariwo dé nìyẹn. Ṣùgbọ́n irú kan wà tí tíìpù àti òrùka rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan, tí ó ní síkúrù idẹ nídìí, tí a kàn ń yí sí orí ọ̀pá bí ẹni yí ìdérí ìgò. Bí èyí bá gbó, a ó yí i kúrò, a ó yí òmíràn sí i. Ọ̀pá ẹ̀gbọ́n jẹ́ irú èyí. Nígbà tí tíìpù rẹ̀ jẹ tán ní oṣù kẹjọ, ó fún mi lówó pé kí n lọ ra mẹ́wàá ní Ìlọrin. Ó ní, "Mú èyí tí ó gbó yìí dání o, òun ni kí o fi wọ̀n ọ́n."

Mo gbàgbé rẹ̀ sí etí tábìlì. Mo rántí nígbà tí ọkọ̀ ti gbéra, ṣùgbọ́n mo sọ nínú ọkàn mi pé kí ni ó tún kù nínú síkúrù. Nígbà tí mo dé ìsọ̀, ẹni tí ń tà á béèrè pé irú wo. Mo ní, "Gbogbo rẹ̀ kọ́ ni ọ̀kan náà ni?" Ó wò mí, ó ní, "Ọ̀gá, kì í ṣe ọ̀kan náà o." Mo yàn án pẹ̀lú ojú, mo sanwó, mo bá tèmi lọ.

Ohun tí ó dùn mí ni pé mo ti kà nípa ọ̀ràn yìí rí nínú ìwé. Kí ó tó di ọdún 1841, ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń gé síkúrù tirẹ̀ bí ó ti wù ú. Bí èyí tí a rà ní ìlú kan bá sọnù, ti ìlú kejì kò lè wọ ihò rẹ̀. Ní ọdún náà ni Joseph Whitworth, ará Manchester, dábàá ìwọ̀n kan ṣoṣo fún gbogbo wọn. Kì í ṣe nítorí pé ohun méjì jọ ara wọn lójú ni a ṣe lè fi ọ̀kan rọ́pò èkejì. Ẹnìkan ni ó ti kọ́kọ́ jókòó wọ̀n wọ́n. Ìwé ni mo ka èyí sí; n kò gbé e dé ìdí tábìlì.

Nígbà tí mo padà dé, ẹ̀gbọ́n ti lọ sí oko. Mo mú ọ̀kan nínú tíìpù náà, mo yí i sí orí ọ̀pá. Ó wọ̀ dé ìdajì, ó há. Dípò kí n yọ ọ́, mo wá púláyà. Mo yí i lẹ́ẹ̀kan, mo yí i lẹ́ẹ̀kejì, mo sì gbọ́ ọ: "kẹ̀ù". Ọrùn ọ̀pá ti là láti ẹnu wálẹ̀, ó gùn tó ìka kan.

Mo wo iwájú, mo wo ẹ̀yìn. Kò sí ẹnìkankan lábẹ́ máńgòrò àyàfi ewúrẹ́. Mo yọ òrùka ike kan tí ó fẹ̀ lára ọ̀kan nínú àwọn ọ̀pá gbogbo ayé, mo da gúlúù sínú ibi tí ó là, mo fún un pọ̀, mo fi òrùka náà bọ ọrùn rẹ̀, mo tì í wálẹ̀ títí ó fi bo ojú ìlà náà. Mo fi gúlúù lẹ tíìpù mọ́ orí rẹ̀, mo fi sáńpépà ra á, mo fi ẹfun kùn ún. Ojú kò rí nǹkan kan. Ẹ̀yin ènìyàn mi, òrùka tí a dá kí igi má baà là, èmi fi bo ibi tí igi ti là.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ọ̀pá náà fi ṣiṣẹ́. Mo ti ń gbàgbé. Ní Sátidé kan nínú oṣù kẹsàn-án, ọkùnrin kan tí ó máa ń gun ọ̀kadà wá láti Ìlọ́fà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Òkè-Èrò, dé sí ìdí tábìlì wa, ó ní òun ń wá ẹni tí yóò bá òun ta owó. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dìde. Ó ti jáde ilé-ẹ̀kọ́ gíga kékeré ní ọdún tí ó ṣáájú, ó ń ru búlọ́ọ̀kù níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé, ó sì ń kó owó jọ láti fi ṣe ìdánwò tí yóò gbé e dé irú ibi tí èmi wà. Náírà 5,000 ni ó fi lélẹ̀. Mo mọ ibi tí owó náà ti wá. Ẹ̀gbọ́n fẹ́ràn rẹ̀, ó sì na ọ̀pá tirẹ̀ sí i. Mo la ẹnu, mo tún pa á dé.

Ọmọ náà gbá a bí ẹni tí a rán níṣẹ́. Ó kó gbogbo tirẹ̀ tán nígbà tí ti ọkùnrin náà ṣì ku mẹ́ta. Ó ku dúdú. Dúdú wà ní ẹnu ihò, funfun wà lẹ́yìn rẹ̀ gbọọrọ. Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè gbá a wọlé. Ó tẹ̀ba, ó wọ̀n ọ́n, ó gbá a. Ohùn tí ó jáde kì í ṣe ohùn awọ. Tíìpù yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, funfun gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ, ó kan ògiri tábìlì, ó sì rọra wọ ihò kejì. Ní òfin tiwa, ẹni tí ó bá ń gbá dúdú tí funfun wọlé ti pàdánù.

Gbogbo àwọn tí ó wà níbẹ̀ kígbe pé ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n. Ẹ̀gbọ́n gba ọ̀pá rẹ̀, ó rí i pé ó ti là, ó sì bínú. Ó ní ọmọ náà gbá a mọ́ tábìlì, kí ó má ṣe fọwọ́ kan án mọ́ láéláé. Ọmọ náà kò jiyàn. Ó yíjú sí èmi tí mo ń to bọ́ọ̀lù, ó ní, "Ọwọ́ mi ni, Bùrọ̀dá. Ọwọ́ mi ló gbọ̀n."

Mo ní, "Pẹ̀lẹ́."

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo sọ nìyẹn.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà mo gbé ọ̀pá lọ bá bàbá mi àgbà kí ó bá wa tún un ṣe. Ó yọ òrùka náà kúrò, ó gbé ọ̀pá sún mọ́ iná, ó sì fi èékánná tọ ojú ìlà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ní, "Ìlà yìí kì í ṣe tòní. Gúlúù ti gbẹ nínú rẹ̀." Kò béèrè nǹkan kan. Ó gbé ọ̀pá sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní kí n mú fóònù mi wá, kí n fi àwọn ère tí mo sọ fún un ní àná hàn án.

Ẹ̀yin náà lè ti gbọ́ nípa wọn. Nínú oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 yìí kan náà ni Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà ṣí àfihàn iṣẹ́ Bámigbóyè, gbẹ́nàgbẹ́nà Odò-Ọ̀wá nítòsí Ìlọ́fà, ẹni tí ó kú ní ọdún 1975. Bàbá wo ère ẹpa kan pẹ́ títí. Ó ní, "Igi kan ṣoṣo ni. Ẹni tí ó gun ẹṣin, ẹṣin, àwọn tí ó yí i ká, àti ìkòkò tí a fi ń rù ú, igi kan ṣoṣo. Níbo ni òrùka rẹ̀ wà?" Mo ní kò ní òrùka.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí sọ fún mi bí a ti ń gbẹ́ ọnà ní Òsì nígbà tí òun wà ní ọmọdé, nígbà tí orúkọ Aréógun ṣì ń dún ní gbogbo agbègbè wa. Ọnà lílé ni a ń kọ́kọ́ ṣe: a ó fi àáké là á títí igi yóò fi sọ ohun tí ó fẹ́ dà. Lẹ́yìn náà ni alẹ́tùnlé, nígbà tí ojú, etí àti ọwọ́ ń jáde. Dídán ni ó tẹ̀lé e, kí ara rẹ̀ lè jọ̀lọ̀. Fínfín ni ìgbẹ̀yìn, tí a ń fi ọ̀bẹ fín irun àti ilà ojú sí i. Ó ní, "Bí o bá ṣì í gbẹ́ ní ọnà lílé, kò sí fínfín tí ó lè bò ó. Gbogbo ayé ni yóò máa wò ó. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fara balẹ̀." Ó dá fóònù padà fún mi, ó lọ sùn.

Aréógun kú ní ọdún 1954. Àwọn àgbà ní bí iná bá kú a fi eérú bojú, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Bándélé ọmọ rẹ̀ ni ó gba iṣẹ́ náà, òun ni ó sì kọ́ Lámídì Fákéye ní ibi iṣẹ́ ọnà tí Fadá Kevin Carroll dá sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní ọdún 1947. Ẹni tí ó bá ti wọ gbọ̀ngàn Odùduwà ní Ifẹ̀ rí ti mọ iṣẹ́ ọwọ́ Lámídì. Lórí ẹní mi ní òru náà mo ń rò ó pé àwọn wọ̀nyí rọ́pò ara wọn, kò sì sí ẹni tí a fi púláyà yí sí ipò ẹnìkejì nínú wọn. Ọdún gígùn ni wọ́n fi wọ̀n ara wọn.

Ilẹ̀ mọ́, mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n. Mo sọ ti tíìpù tí mo gbàgbé, ti púláyà, ti gúlúù, ti òrùka. Ó dákẹ́ pẹ́. Ó ní, "Ọ̀pá ni mo rò pé o bà jẹ́." Ó ní kí n sọ ọ́ ní Sátidé lójú gbogbo àwọn tí ó gbọ́ nígbà tí òun ń bú ọmọ náà, mo sì sọ ọ́. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan kò kí mi mọ́ títí mo fi kúrò ní Òsì.

Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò sí níbẹ̀. Ó ti bá àwọn bíríkìlà lọ sí Èkó. Mo kó owó iṣẹ́ mi jọ, mo fi náírà 5,000 náà ránṣẹ́ sí i, mo sì pè é. Mo ṣe àlàyé, mo tọrọ àforíjì. Ó dúpẹ́ owó. Lẹ́yìn náà ó ní, "Bùrọ̀dá, kí ló dé tẹ́ ò sọ ọ́ lọ́jọ́ náà? Láti ìgbà yẹn ni mi ò ti fọkàn tán ọwọ́ mi mọ́. Tí mo bá gbé búlọ́ọ̀kù lórí àkàbà, mo máa ń rò pé yóò gbọ̀n."

Owó rọ́pò owó. N kò rí ohun tí mo lè yí sí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti là. Mo máa ń pè é lóòrèkóòrè, mo sì ń rán an létí pé ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n lọ́jọ́ náà, pé mo wà níbẹ̀, pé mo rí i. Nígbà mìíràn ó máa ń rẹ́rìn-ín. Ní ọdún tí ó kọjá ó sọ fún mi pé òun ti fi orúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò náà.

Bàbá mi àgbà gé ibi tí ó là kúrò lára ọ̀pá náà, ó fá ọrùn mìíràn sí i, ó gé páìpù idẹ kan ṣe òrùka, ó sì fi awọ bàtà àtijọ́ ṣe tíìpù rẹ̀. Ìgbà mẹ́ta ni ó wọ̀n ọ́n kí ó tó fi òrùka náà bọ̀ ọ́. Ó di olóògbé ní ọdún 2023. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹsẹ̀ yín bá dé Òsì, ẹ yà sí abẹ́ igi máńgòrò lẹ́bàá ọjà. Ọ̀pá mẹ́rin ni ẹ ó bá níbẹ̀. Ọ̀kan kúrú ju àwọn yòókù lọ ní nǹkan bí ìwọ̀n ìka kan. Òun ni ẹ mú. Ó ń gbá bọ́ọ̀lù gbọọrọ, kò sì sí nǹkan kan lábẹ́ òrùka rẹ̀.